Bí sẹ́ẹ̀lì inú ọlẹ̀ òòrẹ̀ òkun ṣe ń mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe

Ìbàdàn jìnnà sí etí òkun, ẹni tó sì ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì ibẹ̀ lè parí ẹ̀kọ́ láì fojú kan òòrẹ̀ òkun, ẹranko rìbìtì ẹlẹ́gùn-ún tí òyìnbó ń pè ní sea urchin. Síbẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú omi, lẹ́yìn ara ìyá, ni ẹyin rẹ̀ ti ń dọlẹ̀, ojú sì lè máa bá sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹyin kan ṣoṣo ló pín di gbogbo wọn, jíìnì kan náà ló sì wà nínú wọn. Kí ló wá mú kí èyí di eegun, kí tọ̀hún di ìfun?

Kí àtọ̀ tó wọ ẹyin ló ti ní òkè àti ìsàlẹ̀, nítorí ohun tí ìyá kó síbẹ̀ kò rí bákan náà. Ẹyin á pín di 2, á di 4, á di 8. Ìpín kẹrin ni nǹkan yí padà: mẹ́rin òkè á pín dọ́gba, ṣùgbọ́n mẹ́rin ìsàlẹ̀ á bí ńlá mẹ́rin, macromere, àti kékeré mẹ́rin, micromere. Gbogbo rẹ̀ di 16. Púpọ̀ nínú awọ ara ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tòkè wá.

Micromere ni kí a fojú sí jù lọ. Bí wọ́n bá dá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àwo, eegun náà ni wọ́n á máa hun. Ní àwọn ọdún 1930, Sven Hörstadius, ará Sweden, gbé micromere lọ sí orí ọlẹ̀ mìíràn, ìfun kejì sì hù níbi tí ìfun kì í hù sí. Ìdajì òkè nìkan kò lè ju bọ́ọ̀lù oníhò lọ. Nígbà tó fi micromere mẹ́rin sí i, ó di odidi ọmọ òòrẹ̀ òkun. Bí ọmọ Àyàn ni: gbé e lọ sí agboolé yòówù n'Ìbàdàn, ìlù ni yóò máa lù, àwọn ọmọ ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Níbo ni agbára yìí ti wá? Prótéìnì kan, β-catenin, ló ń kóra jọ sínú kókó àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀. Lókè, wọ́n ń bà á jẹ́ kó tó pọ̀. Nínú micromere, ó máa ń jí jíìnì pmar1. Iṣẹ́ pmar1 kò ju pé kó pa jíìnì mìíràn, hesC, lẹ́nu mọ́, hesC náà ló sì ń pa àwọn jíìnì eegun lẹ́nu mọ́ níbòmíràn. Wọ́n pa apanilẹ́numọ́ lẹ́nu mọ́, jíìnì eegun bá sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n yìí wú ni lórí gan-an. Lẹ́yìn náà, micromere á gbé prótéìnì Delta síta ara rẹ̀. Aládùúgbò tó bá fara kàn án ló ń gbọ́, torí Notch, prótéìnì tó ń gba ìròyìn Delta, tó wà lára tirẹ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sì ń di sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ pupa àti àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ macromere tí kò gbọ́ á di ìfun.

Ìpinnu yìí kì í ṣe àdìpa fún gbogbo wọn. Ní nǹkan bí 1891, Hans Driesch, ará Jámánì, ya sẹ́ẹ̀lì méjì àkọ́kọ́ nípá, ìkọ̀ọ̀kan sì di odidi ọmọ, bó tilẹ̀ kéré. Kódà, nígbà tí wọ́n yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ahuneegun kúrò lára ọlẹ̀ tó ti dàgbà díẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ mìíràn yà kúrò lọ́nà tiwọn, wọ́n sì hun eegun náà.