Ìwé Mọ́, Ọkọ̀ Ńkọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ọkọ̀ kì í pẹ́ gbọ́ nípa ìwé ìtàn ọkọ̀. Á tẹ nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sanwó, ìwé á jáde: iye ẹni tó ti ni ọkọ̀ náà, iye máìlì tó ti rìn, ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ìlà kan tí ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wá, ìyẹn ìlà ìjàǹbá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìjàǹbá kankan lákọsílẹ̀, ọkàn oníbàárà á balẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó san owó rẹ̀, ọkàn tèmi kì í sì í tíì balẹ̀ níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé yìí kò fi òṣìṣẹ́ ṣọ́ oríta. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ti ń gba àkọsílẹ̀: ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá, iléeṣẹ́ adójútòfò, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ta gbàǹjo, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Kí ìjàǹbá tó lè dé inú ìwé, ẹnìkan ní láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni yẹn ní láti máa fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, nọ́ńbà VIN tó kọ sì ní láti pé. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé á mọ́ tónítóní.

Ó sì rọrùn kó yẹ̀. Ẹnìkan ń rìn sẹ́yìn, ó fi bọ́ńpà gbá òpó. Kò fẹ́ kí owó tó ń san fún adójútòfò lọ sókè, ó bá gbé ọkọ̀ fún panẹbítà, ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Àwọn méjì kọlu ara wọn, wọ́n bá ara wọn yanjú rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn ò pe ọlọ́pàá. Iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń fi ọkọ̀ háyà kò gba adójútòfò fún ìbàjẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, inú ọgbà rẹ̀ ló ti ń tún wọn ṣe. Kò sí ẹni tó pète láti tan oníbàárà jẹ nínú gbogbo wọn. Wọn ò kàn kọ ọ́ síbi tí àwọn tó ń ṣe ìwé ti lè rí i. Ó dà bíi fáìlì ilé ìwòsàn: ẹni tó bá tọ́jú ibà rẹ̀ nílé, fáìlì ò lè mọ̀ pé ibà ṣe é.

Carfax, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Àwọn tó ń yí mítà ọkọ̀ padà sẹ́yìn ló kọ́kọ́ dìde sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjàǹbá. Títí dòní, orí iye máìlì ni mo ti gbára lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n kọ máìlì. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí òfin béèrè, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n tún kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá gbàgbé, ẹlòmíì á kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, irọ́ á sì hàn. Ìjàǹbá kì í sábà rí ju àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan lọ láti wọnú àkọsílẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ó parí. Carfax fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìjàǹbá ló ń dé etí òun. Àwọn tó ń kàwé náà débẹ̀ ni kò pọ̀.

Ohun kan wà tó ń ṣi àwọn tó fẹ́ràn ìwé olówó pọ́ọ́kú lọ́nà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní àkójọ tirẹ̀, NMVTIS ni wọ́n ń pè é. Òfin sọ ọ́ di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò àti àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ láti máa fi orúkọ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ pátápátá ránṣẹ́ síbẹ̀. Nítorí náà, ó wúlò gan-an bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tí adójútòfò ti kọ̀ sílẹ̀ tàbí tí ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni í, tí ìjọba ń fúnni, ti ní àmì àbùkù. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá lásán àti àtúnṣe kò sí lára ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ láti kó jọ. Ẹni tó ra ìwé tó jẹ́ kìkì NMVTIS, tó wá ń yọ̀ pé òun ò rí ìjàǹbá nínú rẹ̀, ohun tí wọn ò fi síbẹ̀ ló ń wá.

Kódà "bàjẹ́ pátápátá" fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, bí owó àtúnṣe bá ti tó ìdá 75 nínú 100 iye tí ọkọ̀ ń tà, wọ́n á fi àmì àbùkù sí ìwé ẹ̀rí yẹn. Ní Texas, ìdá 100 ni. Ẹ ò rí i pé wọ́n lè fi owó tó sún mọ́ iye ọkọ̀ tún un ṣe, kí ìwé rẹ̀ má sì ní àbùkù kankan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá 2017, lẹ́tà S ni wọ́n fi ń ṣàmì sí ọkọ̀ tí ìbàjẹ́ kan egungun rẹ̀, ìyẹn férémù rẹ̀, N sì wà fún èyí tí ìbàjẹ́ ò kan egungun rẹ̀. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dọ́dọ̀ adójútòfò kí ọkọ̀ tó lè gba lẹ́tà kankan. Bí ọkọ̀ bá sì ti kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ kì í bá a rékọjá.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: bí ìwé bá sọ pé ìjàǹbá wà, mo gbà á gbọ́. Bí ó bá sọ pé kò sí, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Pé mo gbà á gbọ́ kò sọ pé kí ẹ sá o. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà èèyàn. Ìwé lè kọ ìjàǹbá sílẹ̀ fún bọ́ńpà tó kàn ya díẹ̀, kí owó ọkọ̀ sì já wálẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ohun tí mo máa ń wá nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni bóyá airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ láti dáàbò bo èèyàn) tú, bóyá wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀, bóyá wọ́n dárúkọ egungun ọkọ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, tí ẹni tó ń tà á sì ní rìsíìtì àtúnṣe àti fọ́tò lọ́wọ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí ìwé rẹ̀ mọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ sì ń kọ mí lóminú.

Ẹ má gba ìwé tí ẹni tó ń tà á ti tẹ̀ síta sílẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ìjàǹbá tó hàn lórí ìwé, nígbà míì ó lè gba oṣù. Ẹ fowó yín ra ìwé tuntun, kí ẹ sì fi nọ́ńbà VIN tó wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lápapọ̀, wé èyí tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú àti èyí tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àárín àwọn ọjọ́ tó wà nínú ìwé. Ọkọ̀ tó ń gba ọ́ìlì déédéé, tó wá dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, tó sì jáde ní gbàǹjo ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ní ohun tó ń rò. Ẹ tún tẹ VIN náà sínú Google: fọ́tò ọkọ̀ tó ti kọjá ní gbàǹjo àwọn ọkọ̀ tó bàjẹ́, bíi ti Copart, sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe tán. Mo ti rí èyí tí imú rẹ̀ rún wómúwómú nínú fọ́tò, tó ń dán gbinrin níwájú mi.

Ó wá ku ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Ọ̀dà tí ọkọ̀ gbé jáde láti iléeṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 máíkírọ́ọ̀nù. Bí ilẹ̀kùn mẹ́ta bá ń ka 120, tí ẹ̀kẹrin ka 300, wọ́n ti tún ún kùn. Bó bá kọjá 1,000, fílà (ohun tí panẹbítà fi ń dí ibi tó tẹ̀ wọnú) ló wà lábẹ́ rẹ̀. (Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí bọ́ńpà oníke, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín.) Mo máa ń wo orí nọ́ọ̀tì tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà mú bóyá sípánà ti họ ọ̀dà rẹ̀. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èyí tí kò tàn rárá burú tó èyí tí kò kú, torí pé ẹnìkan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀. Egungun ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń fẹ́ kí ọkọ̀ gorí jáàkì ńlá, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá sì ń bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀, ẹ má bi í pé ṣé ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí. Ọ̀pọ̀ á ní rárá, wọn ò sì ní ka ara wọn sí òpùrọ́, torí pé lójú tiwọn, gbígbá òpó kì í ṣe ìjàǹbá. Ẹ bi í pé apá ibo ni wọ́n ti tún kùn lára rẹ̀, ta ló kùn ún, kí ló fà á. Kó kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé tí ẹ fi ta ọkọ̀ fún ara yín, kó sì fọwọ́ sí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.