Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí àkùrọ̀ n'Ífẹ̀: òfin wo ló kàn án?

Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà. Kí ló wá dé tí tipà ṣì ń da yẹ̀pẹ̀ sí àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé wa?

Òótọ́ ni, àdéhùn wà. Ìlú Ramsar ní Ìráànì ni wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì, 1971. Ó sì mú Nàìjíríà náà láti 2001. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú ni abala 12 nínú Ìwé Òfin 1999: àdéhùn tí ìjọba bá bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kì í di òfin nílé àfi bí àwọn aṣòfin Àbújá bá sọ ọ́ di òfin. Ramsar nìkan kò tó gbé lọ sí kóòtù.

Ṣé àkùrọ̀ lásán náà jẹ́ àbàtà lójú wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni o. Irà, odò, ibi tí omi ń gbé tọ̀sántòru àti ibi tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, tí Ọlọ́run dá tàbí tí èèyàn ṣe, gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀. Adágún Ọpa tí wọ́n sé nínú ọgbà yunifásítì wà níbẹ̀. Odò Ẹsìnmìrìn tí Mọ́remí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún náà wà níbẹ̀. Àdéhùn yìí ò sì ní kẹ́nikẹ́ni má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú síbẹ̀: ẹ máa lò ó, ẹ má ṣáà bà á jẹ́. Lójú tèmi, àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń pa á mọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ṣé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú ibi tí Nàìjíríà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà?

Rárá. Ibi 11 ni, kò sì sí ọ̀kan ní Ọ̀ṣun. (Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, inú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ti UNESCO nìyẹn wà, kì í ṣe ti Ramsar.)

Kí la wá fẹ́ dì mú?

Òfin ilé. Òfin 1992 tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìpalára iṣẹ́ wò kò ran yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀: àbàtà tí wọ́n fẹ́ fa omi rẹ̀ gbẹ gbọ́dọ̀ tó hẹ́kítà 100 kó tó di dandan. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2009 lórí àbàtà àti bèbè odò, tó wà lọ́wọ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú kí wọ́n pa òfin àyíká mọ́, ló sún mọ́ yín jù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà Òṣogbo lè fúnni níwèé ilẹ̀ tí ìlànà Àbújá ń dáàbò bò. Ẹ kọ̀wé sí NESREA àti ìjọba ìpínlẹ̀, méjèèjì. Ẹ sì tètè ya fọ́tò ibẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà níbẹ̀, torí tí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ tán, ta ni yóò gbà pé àkùrọ̀ ni?