Ta ló sọ pé áljẹ́brà di JSS 1?

Bí òbí méjì bá dúró sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ní Kubwa tàbí Nyanya, ní Abuja, kì í pẹ́ kí ọ̀kan tó sọ pé: "Pírámárì ló ṣì wà, ìṣirò rẹ̀ ò tíì le. Ó di JSS 1 kí wọ́n tó kọ́ wọn ní áljẹ́brà." Orí ìgbàgbọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sanwó lẹ́sìnnì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún tíṣà ni pé kí ọmọ há ìsọdipúpọ̀ 2 dé 12 sórí, kó sì máa yára. Ọmọ á há a, á sì yára lóòótọ́. Ó wọ JSS 1, wọ́n kọ x + 7 = 12 síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Gbogbo ilé á ní x ló le.

x ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àmì tó ń da ọmọ náà láàmú ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti pírámárì 1: àmì = ni.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ kọ èyí sórí ìwé fún ọmọ pírámárì 4 tàbí 5, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun:

7 + 5 = □ + 4

Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 12 sínú àpótí yẹn. Àwọn mìíràn á kọ 16. 8 ni ìdáhùn, torí pé 12 ló wà lápá òsì, ohun tí a ó rò mọ́ 4 kó tó di 12 ni à ń wá. Ọmọ tó kọ 12 ka àmì = sí àṣẹ: "Ó yá, ṣe é, kọ èsì síbí." Ó rí + 4 lẹ́yìn, ó fojú fò ó. Èyí tó kọ 16 kó gbogbo nọ́ńbà tó rí jọ sójú kan. Kì í sì í ṣe ọmọ tiwa nìkan. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999, wọ́n gbé irú rẹ̀, 8 + 4 = □ + 5, fún ọmọ 145 ní kíláàsì kẹfà. Kò sí ẹyọ kan péré tó gbà á. 12 tàbí 17 ni gbogbo wọn kọ.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni. Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ pírámárì 2: nọ́ńbà lósì, àmì = láàárín, àlàfo lọ́tùn-ún, ojú ewé lé ojú ewé. Ohun kan náà ni kakulétọ̀ ń sọ: tẹ =, èsì á yọ. Èyí tó burú jù ni ohun tí tíṣà fúnra rẹ̀ ń kọ sójú pátákó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yá:

15 + 8 = 23 + 7 = 30 − 4 = 26

26 tọ̀nà, àmọ́ irọ́ ló kún ìlà náà. 15 + 8 jẹ́ 23, 23 + 7 jẹ́ 30. Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe wá dọ́gba? Ìlà mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ọmọ tó ń wo irú pátákó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á gbà pé "ó kàn" ni ìtumọ̀ àmì náà. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, tó kọ́kọ́ tẹ àmì yìí sínú ìwé ní 1557, ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn: ìlà méjì tó gùn bákan náà, nítorí kò sí ohun méjì tó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Ọgbọọgba. Kí ọmọ máa kà á báyìí: "7 àti 5 bá 8 àti 4 dọ́gba."

Ti lẹ́tà ńkọ́? Ẹni tó bá rò pé láìsí x kò sí áljẹ́brà, kó wo ibi tí orúkọ náà ti wá. Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò, kọ ìwé kan ní Baghdad ní nǹkan bí 820, ọ̀rọ̀ al-jabr sì wà nínú àkọlé rẹ̀. Kò sí x kan ṣoṣo nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ gidi ló fi ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tí kò tíì mọ̀ iye rẹ̀, ó pè é ní shay', ìyẹn "nǹkan." Ó di 1591 kí François Viète, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé, tó máa fi lẹ́tà dúró fún iye, ó sì di 1637 kí Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, tó mú x, y àti z wọ ìwé. Ó lé ní 750 ọdún tí áljẹ́brà fi rìn láìní irú lẹ́tà tí à ń lò lónìí. Ọmọ ọdún 7 tó ń wá "nǹkan" nínú àpótí wà lójú ọ̀nà kan náà.

Kòríkúlọ́ọ̀mù wa pàápàá kò gbà pé ó di JSS 1. Ìṣirò oníàpótí bíi □ + 6 = 15, tí ìwé ń pè ní open sentences, wà nínú iṣẹ́ pírámárì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tíṣà á sáré kọjá, á kàn fún ọmọ ní ọgbọ́n àbùjá: "Tó o bá rí +, yọ ọ́, tó o bá rí −, rò ó pọ̀." Ọgbọ́n yìí á ṣiṣẹ́ lórí □ + 6 = 15, á ṣiṣẹ́ lórí □ − 6 = 15. Ẹ wá gbé 15 − □ = 6 fún ọmọ náà, á kọ 21 láìwẹ̀yìn. Kò bi ara rẹ̀ pé báwo ni ènìyàn ṣe máa yọ 21 nínú 15.

Ohun tó ń tún un ṣe kò ná yín lówó, ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ tó. Ẹ kọ ìlà kan sílẹ̀, ẹ bi ọmọ pé òótọ́ ni àbí irọ́, kó sì sọ bó ṣe mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 = 5 + 3. Ọ̀pọ̀ á ní wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn ni. Ẹ gbé 8 = 8 wá; wọ́n á ní kò sí ìṣirò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, 5 + 3 = 4 + 4. Lẹ́yìn náà, 5 + 3 = 8 + 2, èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí wọ́n á rí 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, wọ́n á ní òótọ́ ni. Ẹ má yára tún un ṣe fún wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní òótọ́ àti àwọn tó ní irọ́ bá ara wọn jiyàn, torí inú iyàn yẹn ni ìmọ̀ ti ń wọlé. Bí ó bá ṣì rú ọmọ lójú, ẹ fi okùn so ife rọ́bà méjì mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì háńgà aṣọ, ẹ gbé háńgà kọ́ ìṣó, kẹ́ ẹ máa da ìdérí ìgò mínírà sínú wọn. Ìdérí irú kan náà ni kẹ́ ẹ lò. Bí ẹ bá da oríṣiríṣi pọ̀, 6 lè wúwo ju 7 lọ, ọmọ á sì ní ẹ̀yin lẹ purọ́. Ẹ pa fáànù pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá ti gba èyí, ẹ gbé nọ́ńbà tó tóbi díẹ̀ wá, kó má bàa wù wọ́n láti ṣírò: 48 + 37 = 50 + □. Ọmọ tó ro 48 àti 37 pọ̀ sí 85, tó wá yọ 50, gbà á. Àmọ́ ẹ bi í bóyá ó lè ṣe é láìrò wọ́n pọ̀. 48 gba 2 kó tó di 50. Ọwọ́ 37 ló ti gba 2 náà, 35 ló kù. Ìgbà tí ọmọ bá rí èyí, áljẹ́brà ló ń ṣe yẹn.

Ibì kan wà tí ọmọ tó já fáfá máa ń ṣubú sí. Ẹ kọ 62 − 28 = □ − 30. Ó ti mọ̀ pé bí ọ̀kan bá gba 2, èkejì á pàdánù 2, nítorí náà á kọ 60. Àṣìṣe ni, 64 ni. Àròpọ̀ àti àyọkúrò kì í rìn bákan náà. Ọjọ́ orí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń là á yéni jù: ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọdún 12, àbúrò jẹ́ 8, ọdún 4 ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún 2, wọ́n di 14 àti 10. 4 náà ṣì ni. Àwọn méjèèjì jọ gòkè ni, kì í ṣe pé ọ̀kan gòkè kí èkejì sọ̀ kalẹ̀.

Orí èyí ni òǹkà Yorùbá ti wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí sí Abuja ń ka nọ́ńbà lédè Gẹ̀ẹ́sì nílé, wọ́n ń gbọ́ Hausa lọ́jà, òǹkà Yorùbá wọn kì í sì í kọjá ogún. Wọ́n ní ó le. Ẹ wò ó: 47 ni mẹ́tàdínláàádọ́ta, 3 dín nínú 50. 28 ni méjìdínlọ́gbọ̀n, 2 dín nínú 30. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 50 àti 30 jẹ́ 80, 3 àti 2 tó dín jẹ́ 5, èsì jẹ́ márùndínlọ́gọ́rin, 75. Orúkọ àwọn nọ́ńbà náà ló ṣe ìṣirò náà fúnra wọn. 50 pàápàá, àádọ́ta, jẹ́ 10 tó dín nínú ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Hausa náà ní irú rẹ̀: yàtọ̀ sí goma sha takwas, a lè pe 18 ní ashirin biyu babu, "ogún, méjì kò sí." Ohun tí a ń sanwó fún lábẹ́ orúkọ mental maths ti wà lẹ́nu ìyá àgbà látìgbà yí wá.

Lẹ́yìn ìdọ́gba, ohun kejì ni àwòṣe tó ń dàgbà. Ẹ da páálí ìṣáná kan sílẹ̀. Igi 4 ló ń ṣe àpótí kan. Ẹ lẹ èkejì mọ́ ọn lára, kí wọ́n jọ lo ògiri kan. Ó di igi 7. Ẹ̀kẹta, 10. Ẹ̀kẹrin, 13. Ẹ bi ọmọ pé igi mélòó ni àpótí 10 máa gbà. Ọ̀kan á ní 40, torí 4 lọ́nà 10. Ó ti ka àwọn ògiri àárín lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn á ní àpótí 5 gba 16, nítorí náà 10 á gba 32. Èyí máa ń tan tíṣà gan-an jẹ. Ẹ jẹ́ kó to àpótí 5 méjì síbi méjì, kó wá ti wọ́n pọ̀: igi kan á ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. 31 ni.

Ẹ fi í wé táyà kẹ̀kẹ́ NAPEP. Kẹ̀kẹ́ 5 ní táyà 15, kẹ̀kẹ́ 10 ní 30, ìlọ́po méjì bá a mu, torí kò sí kẹ̀kẹ́ méjì tó jọ ń lo táyà kan. Ẹ fi àwọn méjèèjì síwájú ọmọ lọ́jọ́ kan náà, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìyàtọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè àpótí 100, kí igi má bàa tó. Ọmọ kan á ní: mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà 100, kí n fi ògiri àkọ́kọ́ kún un. Òmíràn: 4 fún ti àkọ́kọ́, 3 lọ́nà 99 fún ìyókù. Ẹ̀kẹta: 4 lọ́nà 100, kí n yọ ògiri 99 tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. 301 ni gbogbo wọn. Kí ẹ má pa èyíkéyìí rẹ́ lójú pátákó o. Bí ọ̀nà mẹ́ta ṣe lè bá ara wọn dọ́gba ni ohun tí wọ́n máa fi odidi sáà kan kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdírì.

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní Katsina tàbí Kaduna ní àpẹẹrẹ kan nítòsí. Muhammad ibn Muhammad, ọmọ Fúlàní láti Katsina tó kú sí Cairo ní 1741, kọ̀wé lórí àpótí nọ́ńbà tí gbogbo ìlà rẹ̀ máa ń jẹ́ iye kan náà. Ẹ ya ojú ihò 9, mẹ́ta ní mẹ́ta. Nọ́ńbà 1 dé 9 ló máa wọ ibẹ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 45, ìlà mẹ́ta ló pín in, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15, ní ìbú, ní òró àti láti igun dé igun. Ẹ fi 2 sí igun òkè lápá òsì, 7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 5 sáàárín. Ọmọ lè rí 6 yòókù láìméfò ìkankan.

Lẹ́tà wá ńkọ́, ìgbà wo ló yẹ kó dé? Ìgbà tí ọwọ́ bá ti ń ro ọmọ. Ẹ ní kó mú nọ́ńbà kan lọ́kàn, kó fi 6 kún un, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó yọ 4, kó pín in sí méjì, kó wá yọ nọ́ńbà tó mú lọ́kàn. 4 ló máa kù, nọ́ńbà yòówù kó mú. Ẹ fi àwòrán hàn án: àpò kan ni nọ́ńbà tó fi pamọ́. Àpò kan àti 6. Àpò méjì àti 12. Àpò méjì àti 8. Àpò kan àti 4. Gbé àpò kúrò, 4. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan tó ti ń ya àpò, á bi yín bóyá òun lè kọ lẹ́tà a dípò rẹ̀. Kó kọ ọ́.

Kẹ́ ẹ ṣáà má sọ fún un pé lẹ́tà a ni àpò náà, tàbí pé 3m ni "máńgòrò mẹ́ta." Àlàyé yẹn dùn létí, ó sì ń ba nǹkan jẹ́, torí bí m bá jẹ́ máńgòrò, kí ni máńgòrò lọ́nà máńgòrò? Iye ni lẹ́tà ń dúró fún. Bí mudu ẹ̀wà kan bá jẹ́ e náírà, tí a ra mudu mẹ́ta, tí a sì ra ọ̀rá ₦100 láti kó o sí, owó tí a san jẹ́ 3e + 100. Bí oníẹ̀wà bá fowó lé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọ̀rá kò sì wọ́n sí i, 3e + 100 náà ni ọmọ máa kọ.