Bí Owó Àjọ Gates Ṣe Rìn Dé Ẹnu Ọ̀nà Wa ní Kánò

Kò sí Yorùbá tó ń gbé Sábọ́n Gàrí ní Kánò tí kò mọ àwọn obìnrin tó ń gbé àpótí oògùn àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (polio) kọ́ èjìká kiri. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á béèrè iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, wọ́n á kán oògùn sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi gègé kun èékánná ìka ọmọńdinrín, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilé kí wọ́n tó kọjá. Lára ìgò oògùn náà, àmì róbótó kan wà tó ní igun mẹ́rin funfun láàárín. Bí ooru bá ti ba oògùn náà jẹ́, igun mẹ́rin yẹn á ṣú, wọn ò sì ní lò ó mọ́. Àjọ Gates wà lára àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a mọ orísun owó náà.

Ní ọdún 1994, lẹ́tà àwọn tó ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ pọ̀ lọ́wọ́ Bill Gates, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Microsoft sílẹ̀, kò sì ráyè kà wọ́n. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ agbẹjọ́rò ní Seattle, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún náà, ló sọ fún Bill àti Melinda, ìyàwó Bill, níbi tí wọ́n tò sí láti wọ sinimá pé òun lè máa bá wọn bójú tó àwọn lẹ́tà náà. Bí àjọ àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1997, tọkọtaya náà ka ìròyìn kan nípa àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa láwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Gates fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé bóyá àwọn lè rí nǹkan ṣe sí i. Lójú tèmi, ìwé kékeré yẹn ló darí owó náà sọ́dọ̀ wa. Ní 2000, wọ́n da àwọn àjọ wọn pọ̀ di ọ̀kan, ìyẹn Àjọ Gates, 750 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ṣèlérí ni àjọ Gavi sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn orílẹ̀-èdè aláìní ra àjẹsára.

Warren Buffett, olówó ńlá ará Amẹ́ríkà, náà ṣèlérí ìpín ìdókòwò tó tó nǹkan bí 31 bílíọ̀nù dọ́là ní 2006. Lọ́dún náà ni wọ́n ya àpò owó sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ: àpò ń dókòwò kí owó má baà gbẹ, àjọ sì ń pín in fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́, títí kan iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fi ń bá ìṣẹ́ jà.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ níhìn-ín. Ní 2003, Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ kan dá àjẹsára náà dúró nítorí ìfura pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Ó di 2004, nígbà tí oògùn dé láti Indonéṣíà, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, kí Kánò tó gbà. Àrùn ti ràn kọjá ibodè nígbà náà. Láti 2009 ni Súlútáánì Sókótó àti àwọn ọba Àríwá ti kó ara wọn jọ láti máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, etí tí kò gbọ́ ti ìjọba sì gbọ́ tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn pa ó kéré tán 9 nínú àwọn obìnrin afúnnilóògùn ní Kánò. N kò lè sọ ìtàn yìí kí n fo ikú wọn dá.

Ní 2014, Nàìjíríà yá owó lọ́wọ́ Jàpáánì láti ra àjẹsára, pẹ̀lú àdéhùn pé bí oògùn bá kárí iye ọmọ tí wọ́n fẹnu kò lé, Àjọ Gates ni yóò san gbèsè náà. Nàìjíríà mú tirẹ̀ ṣẹ. Àjọ sì gba gbèsè náà, tó tó 76 mílíọ̀nù dọ́là, sọ́rùn. Borno ni wọ́n ti rí ojúlówó àrùn náà kẹ́yìn ní Nàìjíríà ní 2016, Áfíríkà sì gba ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020. Irú èyí tó ń ti ara àjẹsára fúnra rẹ̀ wá ṣì ń yọjú níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba oògùn, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin wa fi ń kanlẹ̀kùn síbẹ̀.

Ní 2025, Gates kéde pé àwọn yóò ná 200 bílíọ̀nù dọ́là, àwọn yóò sì ti àjọ náà pa ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2045. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kun èékánná rẹ̀ ní àdúgbò wa lọ́dún tí ìkéde náà jáde yóò ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà.