Kì í ṣe gbogbo "is" ló gbọ́dọ̀ di "was"

Ẹni tí wọ́n bá kọ́ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan ló sábà máa ń kọ́ sórí: fa ọ̀rọ̀-ìṣe sẹ́yìn. "Is" á di "was", "will" á di "would", "tomorrow" á di "the next day". Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti rí, ó ti fà á sẹ́yìn nìyẹn.

Òfin yẹn kì í ṣe irọ́, ìdí rẹ̀ ni wọn kì í sọ. Ibi tí ẹni tó ń ròyìn dúró sí, àti ìgbà tó ń ròyìn, ló ń pinnu ohun tó máa yí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Tólá ní: "I will come tomorrow." Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "Tola said she would come tomorrow" ni, torí ọ̀la Tólá ṣì ni ọ̀la tèmi. Kódà "will" lè dúró. Bó bá di Túsìdè, "Tola said she would come today" ni màá wí. Ó di ẹ̀yìn Túsìdè kí "the next day" tó rí iṣẹ́ ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì jẹ́ òótọ́ dòní, kò pọn dandan ká fà á sẹ́yìn: "He said the earth goes round the sun" dára bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ "says" la fi ń ròyìn, a kì í fa nǹkan kan. "Might" àti "could" náà kì í sábà yí.

Ní tèmi, ibi ìbéèrè ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, àwọn èèyàn kì í sì í ka ìyẹn sí. "Where is the key?" á di "She asked where the key was." Ẹni tó kọ "where was the key" ti fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ ó gbàgbé láti dá ètò gbólóhùn padà.

Àwa kì í dààmú ara wa tó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. "Mò ń bọ̀" á di "Tólá ní òun ń bọ̀". "Ń bọ̀" ò mira, "mo" nìkan ló yí. "Òun" yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ò ní. Bí wọ́n bá ní "Tola said she was ill", ta ni ara rẹ̀ ò yá: Tólá ni àbí obìnrin mìíràn? "Tólá ní ara òun ò yá" kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú.