Aró Ló Bí Iṣẹ́ Dídá Jẹjẹrẹ Mọ̀

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ibi tí iṣẹ́ yíyẹ ẹran ara wò lábẹ́ máíkírósíkópù ti ṣẹ̀, awò ni wọ́n máa dárúkọ, ìyẹn gíláàsì inú rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Wọ́n á ní Joseph Jackson Lister ló tún awò ṣe lọ́dún 1830 tí àwòrán fi mọ́ gaara. Awò wúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ègé ẹran ara tín-ín-rín tí wọn kò pa láró, bí omi ló ń rí lójú awò: ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, ojú ò ní rí nǹkan gúnlẹ̀ sí. Àwọn aláró ló yẹ ká kọ́kọ́ kí.

Igi kan wà ní agbègbè Campeche ní Mẹ́síkò tí àárín rẹ̀ pupa. Àwọn ará Maya ti ń fi í pa aṣọ láró kí àwọn ará Sípéènì tó dé ibẹ̀. Tèmi ni pé àwọn aláró ayé àtijọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mọ àṣírí tí iṣẹ́ yìí dúró lé: omi igi náà nìkan kì í di nǹkan mú, àfi kí ohun mìíràn bá a dì í. Nígbà tí igi náà dé Yúróòpù, àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n máa fi dì í bà á lórúkọ jẹ́. Lọ́dún 1581, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é nítorí pé aṣọ tí wọ́n fi pa ń ṣí, ó sì di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ẹ tún wo Antonie van Leeuwenhoek ti ìlú Delft, tó fi saffron, èròjà ọbẹ̀ tó ń mú nǹkan pọ́n bí ìyeyè, kun iṣan màlúù ní nǹkan bí ọdún 1714 kó lè rí i dáadáa. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá yìí. Ẹni tó ń ta aṣọ mọ ohun tí àwọ̀ ń ṣe lára òwú, mi ò sì gbà pé èèṣì ló mú un dé ìdí saffron.

Lọ́dún 1863, Wilhelm Waldeyer, onímọ̀ nípa ẹran ara ní Jámánì, gbé aró igi Campeche yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní hematoxylin, wá sídìí ẹran ara. Kò dì mọ́ ọn dáadáa. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Böhmer po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ohun tí àwọn aláró ti ń ṣe látọjọ́ pípẹ́, ó sì dì. Nígbà tó fi máa di 1876, Wissozky ti fi aró mìíràn tó ń jẹ́ eosin tì í lẹ́yìn. Hematoxylin olálọ́ọ̀mù a máa lẹ̀ mọ́ DNA, kóró inú sẹ́ẹ̀lì á di búlúù. Eosin a máa lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì tó yí i ká, wọ́n á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Níbẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń tú ara rẹ̀ fó: kóró rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó dúdú, etí rẹ̀ rí wúruwùru, ọ̀kan ò jọ ìkejì, ọ̀pọ̀ wọn sì ń pín sí méjì lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé Johannes Müller ti sọ lọ́dún 1838 pé sẹ́ẹ̀lì ló kóra jọ di kókó jẹjẹrẹ, ó sì tọ́ ká yìn ín. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Rudolf Virchow, gbajúmọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ Virchow rò pé inú ẹran tó so ẹ̀yà ara pọ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń hù. Waldeyer yẹn kan náà ló fi hàn lọ́dún 1867 pé irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní carcinoma ń jáde látinú sẹ́ẹ̀lì tó bo ojú ara àti inú ẹ̀yà ara.

Ọdún 1867 yẹn náà ni Julius Cohnheim yanjú ọ̀rọ̀ ibi tí ọyún ojú egbò ti ń wá. Ó fa aró búlúù sí ọ̀pọ̀lọ́ lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ gbé e mì, ó wá ṣe ẹyinjú ọ̀pọ̀lọ́ náà léṣe. Inú ojú tó wú yẹn ló ti bá àwọn sẹ́ẹ̀lì aláró búlúù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti wá! Ta ni ìbá mọ̀ ọ́n bí kò bá sí aró?

Lọ́dún 1879, Paul Ehrlich fi eosin ya àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀: àwọn kan ní hóró wínníwínní tí eosin máa ń sọ di pupa fòò, eosinophil nìyẹn. Neutrophil ní tirẹ̀, kóró rẹ̀ gé sí bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó wú. Lymphocyte jẹ́ kékeré, ó rí róbótó, kóró ló gba inú rẹ̀ tán. Plasma cell sún kóró rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyókù kò le. Lọ́dún 1893, Ferdinand Blum mú fọ́máálínì wọ iṣẹ́ náà kí ẹran má bàa jẹrà. Lọ́dún 1941, Albert Coons so àwọ̀ tó ń tàn mọ́ àwọn ajà-fún-ara (antibody), ìyẹn purotéènì tí ara ń ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá a mu. Lọ́dún 1975, Köhler àti Milstein mú kí ajà-fún-ara ẹlẹ́yọ kan ṣeé pèsè lọ́pọ̀ yanturu. Lónìí, àwọ̀ búráùn ló sábà máa ń fi ibi tí ajà-fún-ara lẹ̀ mọ́ hàn. Búlúù tí wọ́n sì fi ń kun kóró àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù, hematoxylin náà ni.