Ohun tí bọ́jì ń jẹ nígbà tí ó bá ń re ìyẹ́

Bọ́jì, ẹyẹ kékeré tí ó jẹ́ ẹbí odídẹrẹ́, tí ilẹ̀ Ọsirélíà sì jẹ́ orírun rẹ̀, kì í wọ ìyẹ́ kan náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ó bá pé nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ni yóò kọ́kọ́ re ìyẹ́ ọmọdé rẹ̀, tí àwọn ìlà dúdú tí ó wà níwájú orí rẹ̀ yóò sì pòórá. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò máa re ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àmọ́ èyí tí ń gbé inú ilé, níbi tí iná mànàmáná ti ń sọ òru di ọ̀sán, lè máa re é díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ìyẹ́ apá kì í re tán lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń re lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹyẹ náà lè máa fò lọ.

Ìyẹ́ tuntun máa ń yọ bí ẹ̀gún tín-ín-rín. Inú àpò líle kan ni ó wà, ẹ̀jẹ̀ sì ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún un níbẹ̀ títí yóò fi dàgbà, kí ẹyẹ tó fi ẹnu tú àpò náà kúrò. Púrótéènì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara ìyẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìn, tí a tún ń rí nínú èékánná àti irun ènìyàn. Kẹ́rátìn yìí kò ṣeé kọ́ láìsí àwọn èròjà tí imí ọjọ́ wà nínú wọn, ìyẹn methionine àti cysteine, ẹyẹ kò sì lè fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá methionine. Àfi kí ó jẹ ẹ́. Ọ̀sán àti òru ni ìyẹ́ ń dàgbà. Bí oúnjẹ bá já láàárín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lágbára yóò dábùú ìyẹ́ náà, ibẹ̀ ni ó sì ti sábà máa ń ṣẹ́. Ìlà náà kò sì ní parẹ́ títí ìyẹ́ yẹn yóò fi re. Ìdí nìyí tí kò fi sí àǹfààní nínú kí a fún ẹyẹ ní àsè lọ́jọ́ kan, kí a sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó ń ṣe é lóore.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé, bí ìyẹ́ bá ti ń já sílẹ̀, ẹni tí ó ni ẹyẹ yóò fi jéró kún jéró. Lóòótọ́, ebi máa ń pa bọ́jì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lásìkò yìí. Ara rẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹ́ ni kì í jẹ́ kí ooru náà sá lọ, nítorí náà ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ dín kù nígbà ọyẹ́, tàbí nígbà òtútù ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní láti jẹun sí i kí ó tó lè móoru. Ṣùgbọ́n agbára ni jéró àti àwọn hóró koríko mìíràn ń fún un ní pàtàkì. Methionine àti lysine, èròjà púrótéènì mìíràn, kéré nínú wọn, fítámì A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, kálísíọ̀mù pẹ̀lú kò tó. Ṣíbí tíì kan ààbọ̀ sí méjì hóró lóòjọ́ tó fún ẹyẹ kan. Hóró òdòdó oòrùn, tí bọ́jì fẹ́ràn púpọ̀, kò yẹ kó ju ìpanu lọ, nítorí epo inú rẹ̀ ń mú kí ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀ ẹyẹ tí kò rí àyè fò.

Ẹyin ni ó dára jù láti fi dí àlàfo náà, nítorí gbogbo èròjà púrótéènì tí ìyẹ́ ń fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. A ó sè é fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, a ó fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ tí a ti lọ̀ kúnná, láìsí iyọ̀, láìsí epo. Ìdajì ṣíbí tíì lójúmọ́ fún ẹyẹ kan ti tó. Àárọ̀, kí a tó gbé hóró sínú àgò, ni kí a gbé e fún un, nítorí bọ́jì tí ó ti yó kì í wo oúnjẹ tí kò mọ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ṣì ń ṣe iyèméjì, kí a fọ́n jéró díẹ̀ sórí ẹyin náà, tàbí kí ó máa wo ẹyẹ mìíràn tí ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì, kí a kó èyí tí ó kù kúrò, pàápàá nígbà ooru. Kò yẹ kí a sọ pé kí ẹyin wá di gbogbo oúnjẹ rẹ̀, nítorí kíndìnrín ni yóò da àṣẹ́kù púrótéènì jáde. Ẹ̀wà tí a sè rọ̀ láìsí iyọ̀ àti àlùbọ́sà náà wúlò: lysine tí ó kéré nínú jéró pọ̀ nínú ẹ̀wà, methionine tí ó kéré nínú ẹ̀wà sì pọ̀ díẹ̀ sí i nínú jéró. Ìgbésẹ̀ kan náà ni ẹni tí ó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà ń gbé. Ẹ̀wà tí a kò sè, ẹ̀wẹ̀, léwu fún ẹyẹ.

Jéró tí a rẹ sínú omi di ọjọ́ kejì, tí a sì ń ṣan títí yóò fi hù díẹ̀, rọrùn láti jẹ ju gbígbẹ lọ, ó sì súnmọ́ hóró koríko tútù tí bọ́jì ń jẹ nínú aginjù Ọsirélíà. Bí ó bá ń rùn, kí a dà á nù. Kárọ́ọ̀tì tí a rìn àti ewé tútù tí a fọ̀ dáadáa ni ó ń pèsè fítámì A. Áyódìn (iodine) kò tún ṣeé fojú fò, nítorí ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí ó ń lò ó ni ó ń kópa nínú bí ìyẹ́ ṣe ń re tí ó sì ń hù; gẹ̀gẹ̀ a sì máa mú bọ́jì tí kò jẹ ju hóró lọ. Òkúta èròjà ẹyẹ tí áyódìn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú egungun ẹja sépíà fún kálísíọ̀mù, ni a máa ń so mọ́ àgò. Fítámì tí wọ́n ń dà sínú omi kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é lóore: kì í pẹ́ bàjẹ́, ìtọ́wò rẹ̀ sì lè mú kí ẹyẹ má mu omi. Píà (avocado) àti ṣokoléètì ní tiwọn jẹ́ májèlé fún un.

Àkókò yìí kọ́ ló yẹ kí a yí oúnjẹ rẹ̀ padà pátápátá sí oúnjẹ ilé-iṣẹ́, torí ẹyẹ tí ó kọ oúnjẹ tuntun fún ọjọ́ kan péré lè kú. Àwo hóró pẹ̀lú máa ń tan ènìyàn jẹ: bọ́jì ń bó hóró rẹ̀, èèpo òfìfo ni ó sì ń fi sílẹ̀ lókè, tí àwo yóò máa dà bí ẹni pé ó kún. Kí a fẹ́ èèpo náà kúrò láràárọ̀ kí a tó mọ ohun tí ó kù. Òṣùwọ̀n ìdáná kékeré ni ó ń fi ohun tí ojú kò rí hàn, nítorí ìyẹ́ ń bo ẹyẹ tí ó ti rù. Bọ́jì tí ó wọn gíráàmù 38 tí ó wá di 34 ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ lọ, dókítà ẹranko ni kí ó rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹyẹ tí ara rẹ̀ pá níbì kan, tàbí ọmọ bọ́jì tí ìyẹ́ apá àti ìrù rẹ̀ ń já kí wọ́n tó dàgbà; fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń fa ti ọmọ bọ́jì yẹn, oúnjẹ kò sì lè wò ó.